Ṣé Ìgbéga Ni? Ìpààrọ̀ Ètò Adarí Kọ̀ǹpútà àti Èdè-Ìperí Wa

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft parí àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10, èyí tí ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ọdún 2015. Àǹfààní ọdún kan péré ni wọ́n fi kún un fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bíbọ́ sí Windows 11 ti kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà nílé, ní Malete níbí gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ibòmíràn. Ọ̀nà méjì ni ó gbà kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí. Èkíní, a kò tíì fẹnu kò lórí orúkọ tí ó yẹ kí iṣẹ́ náà máa jẹ́ ní Yorùbá. Èkejì, èyí tí ó wúwo jù, ni pé ẹni tí ó ń lo Windows 10 ní èdè Yorùbá, tí ó sì bọ́ sí Windows 11, yóò rí i pé Yorùbá kò bá òun débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Nínú kọ̀ǹpútà, ètò kan wà tí ó ń darí gbogbo ètò yòókù. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún èròjà ẹ̀rọ, òun ni ó ń gba ohun tí a bá tẹ̀, òun náà ni ó mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Ètò adarí ni mo dábàá fún un. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń pè é ní ètò ìṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ètò kan nínú kọ̀ǹpútà tí a kò ṣe fún iṣẹ́. Ìdarí ni ó ya èyí sọ́tọ̀, ó sì yẹ kí orúkọ rẹ̀ fi ìyàtọ̀ náà hàn.

Ní ti àtúnṣe kéékèèké tí ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, ìmúdójúìwọ̀n ti fìdí múlẹ̀, n kò sì rí ìdí tí a ó fi yí i padà. Ṣùgbọ́n fún fífi odindi Windows 11 rọ́pò Windows 10, àwọn ènìyàn a máa lo ìgbéga. N kò fara mọ́ èyí. Nígbà tí a bá gbé òṣìṣẹ́ ga, ipò rẹ̀ àti owó oṣù rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i. Kò sí ẹni tí a gbé ga tí a tún ń gba ohun ìní rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyìn ni ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ó ń tajà ni ó sì yẹ kí ó máa yin ọjà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ẹ̀dà kan kúrò, ẹ̀dà mìíràn gba ipò rẹ̀, àwọn fáìlì onílé sì wà níbi tí wọ́n wà. Nítorí èyí ni mo fi dábàá ìpààrọ̀ ẹ̀dà. Bí ìpààrọ̀ náà bá jẹ́ ìgbéga tàbí ìfàsẹ́yìn, ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ ni yóò sọ.

Ní ti èdè Yorùbá, ìfàsẹ́yìn ni. Windows 7 ní àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ènìyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì fi lé orí Gẹ̀ẹ́sì. Windows 10 náà ní in. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ojú ẹ̀rọ ni ó ń yí padà, nítorí pé ibi tí a kò bá túmọ̀ yóò ṣì máa fi Gẹ̀ẹ́sì hàn. Síbẹ̀, ènìyàn lè ka àwọn àṣẹ tí ó ń lò lójoojúmọ́ ní èdè abínibí rẹ̀. Nínú Windows 11, pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá ṣì wà, ṣùgbọ́n Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí a lè yàn fún ojú ẹ̀rọ mọ́. Haúsá àti Ìgbò náà kò sí níbẹ̀. Ní kúkúrú, a lè kọ Yorùbá sínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní fi Yorùbá dá wa lóhùn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á rò pé àìpọ̀ wa ni ó fà á. Èdè Wélsì wà nínú Windows 11, bẹ́ẹ̀ ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé nǹkan bí 538,000 ènìyàn ni ó ń sọ ọ́ ní ilẹ̀ Wales. Àwa tí a ń sọ Yorùbá ju ìlọ́po mẹ́wàá iye yẹn lọ dáadáa. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé a ń fi èdè Wélsì kọ́ ọmọ nílé-ìwé, a ń fi ṣe iṣẹ́ ìjọba, òfin sì dúró tì í. Níhìn-ín, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní ọdún 2022 pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà. Èdè tí onílé kò fi ṣe iṣẹ́, àlejò kò ní bá a tọ́jú rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ta ni ó tilẹ̀ ń lo Windows ní Yorùbá, tí a fi ń dárò rẹ̀? Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Ìlọrin, Gẹ̀ẹ́sì ni ó bá lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé Yorùbá wà. Bí ó bá tilẹ̀ rí i, orí ẹ̀rọ náà ni yóò ti kọ́kọ́ pàdé àwọn ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé a kò fi wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ tí a kò kọ́ ṣòro láti lò, èyí tí a kò sì lò kò ní ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀ nígbà tí a bá mú un kúrò. Ọwọ́ àwa olùkọ́ ni àtúnṣe èyí wà, kì í ṣe ọwọ́ Microsoft.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni torí ìfẹ́ Yorùbá jókòó ti Windows 10. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ètò adarí tí a kò dí ihò ara rẹ̀ mọ́, olè yóò bá ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni kò lè gba Windows 11, nítorí pé ó ń béèrè èròjà ààbò kan tí ń jẹ́ TPM 2.0 àti ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò pẹ́ púpọ̀. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Linux wà. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì mọ èdè rẹ̀ dáadáa lè túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Orúkọ ọjọ́ àti ti oṣù ní Yorùbá ti wà níbẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àṣẹ ojú ẹ̀rọ ni ó ń dúró de atúmọ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí á ṣe. Kí ẹni tí Windows 10 Yorùbá ṣì wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ àwọn ìperí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó pààrọ̀ ẹ̀dà, kí á lè yẹ̀ wọ́n wò, kí á mú èyí tí ó dára, kí á sì ju èyí tí kò dára nù. Kí àwọn ẹ̀ka èdè ní yunifásítì wa fi títúmọ̀ apá kan Linux ṣe iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wù. Kí á sì tẹ gbogbo ìperí kọ̀ǹpútà tí a bá fẹnu kò lé lórí sínú ìwé, kí olùkọ́ lè gbé e wọ kíláàsì.

Apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní ọdún 1984. Apá kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní ọdún 1990. Ẹni tí ó bá ní ìwé méjèèjì lónìí ṣì lè ṣí wọn, kí ó sì rí ọ̀rọ̀ tí ó ń wá. Àwọn ìperí kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú Windows nìkan ni a ń pàdánù yìí. Kí á tó bẹ Microsoft pé kí wọ́n dá Yorùbá padà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ní àkójọ tiwa lọ́wọ́, èyí tí a lè fún ilé-iṣẹ́ yòówù tí ó bá bèèrè rẹ̀.