Ìmọ́lẹ̀ Ni Ó Ń Tọ́ Ẹ̀yìn Òṣìṣẹ́

Bí iná ọba bá lọ ní ìrọ̀lẹ́ ní òpópónà Arakalẹ̀ ní Àkúrẹ́, aránṣọ a dorí kodò sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀gá a sì jágbe mọ́ ọmọ-iṣẹ́ pé kí ó na ẹ̀yìn. Ìbáwí yìí kò tọ́. Ojú ni ó ń wá ihò abẹ́rẹ́. Orí tẹ̀lé ojú, ọrùn tẹ̀lé orí, ẹ̀yìn sì tẹ̀lé ọrùn.

Orí àgbàlagbà wọn tó nǹkan bí kílógíráàmù 5. Bí ó bá ṣe ń tẹ̀ síwájú sí i ni ẹrù tí iṣan ọrùn ń gbé ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ọrùn ríro àti èjìká dídùn ti ń wá.

Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ nìkan ni oògùn rẹ̀. Gílóòbù tí ó kọjú sí ènìyàn a máa mú ojú ṣe bàìbàì. Èyí tí ó wà lẹ́yìn a máa da òjìji bo iṣẹ́. Ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣiṣẹ́ yẹ kí ó gba ìmọ́lẹ̀ láti apá òsì.

Òfin ọdún 1987 lórí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà béèrè ìmọ́lẹ̀ tí ó tó, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ yẹ ìsọ̀ kéékèèké wò? Ọwọ́ olùkọ́ ni àtúnṣe wà. Kí ó tó bá ọmọ tí ó tẹ̀ mọ́ ìwé wí, kí ó kọ́kọ́ ṣí fèrèsé, kí ó sì yí àga ọmọ náà padà. Ẹ̀yìn tí ó bá wọ́ ní kíláàsì ni yóò bá a dé ìdí iṣẹ́.