Ẹ má jẹ́ kí "A dúpẹ́" tàn yín jẹ: bí a ṣe lè mọ̀ bóyá àlàáfíà ni òṣìṣẹ́ wà

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Kò sí ibi iṣẹ́ Yorùbá tí wọn kì í ti kí báyìí láàárọ̀, ìdáhùn sì ti wà lẹ́nu kí ìbéèrè tó parí: "A dúpẹ́." Ẹni tí kò sùn láti ìjẹta máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù mẹ́ta náà máa sọ bẹ́ẹ̀. Ìkíni dára, mi ò ní ká má kí ara wa mọ́, àmọ́ gẹ́gẹ́ bíi dókítà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìkíni kì í ṣe àyẹ̀wò.

Monrovia, olú-ìlú Liberia, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín á rántí pé ibẹ̀ ni Patrick Sawyer ti wọ bàálù wá sí Èkó ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014, tó gbé àrùn Ebola wọ Nàìjíríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó kọ̀ láti jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn, kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ohun tó kó wa yọ lọ́jọ́ náà ni ìbẹ̀wò. Èèyàn 894 tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fara kan aláàrùn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń tọ́ lẹ́yìn fún ọjọ́ 21, tí wọ́n ń wọn bí ara wọn ṣe gbóná tó. Ìbẹ̀wò bíi 18,500 ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ní Monrovia fúnra rẹ̀, kò sí ẹnubodè ọ́fíìsì tàbí ilé ìwòsàn tí kò ní omi tí wọ́n po kiloríìnì sí, pẹ̀lú ẹni tó ń na ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná sí iwájú orí àwọn tó ń wọlé. Òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ bá wà ní 36.5 á wọlé, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé nọ́ọ̀sì tó ń wọlé yìí ti sin ọ̀rẹ́ méjì láàárín oṣù kan. Òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 370 ni Ebola mú ní Liberia, ó sì lé ní 190 lára wọn tó kú. Dókítà Samuel Brisbane, àgbà oníṣègùn nílé ìwòsàn John F. Kennedy ní Monrovia, wà lára wọn. Àwọn tó kù ṣì gbọ́dọ̀ wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ládùúgbò, wọ́n ń sá fún wọn, àwọn onílé kan sì ní kí wọ́n kó ẹrù wọn. Àwọn mìíràn kò jẹ́ gbé ọmọ tiwọn mọ́ra tí wọ́n bá délé.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀ kéde ìdaṣẹ́sílẹ̀ nítorí owó ewu iṣẹ́ àti aṣọ ìdáàbòbò. Ọ̀pọ̀ lára wọn ṣì lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, nítorí àwọn aláìsàn. Àwọn kan bú wọn. Lójú tèmi, ìdaṣẹ́sílẹ̀ báyẹn jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹnì kan ti béèrè láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, kó sì ti ṣe nǹkan sí i.

Nǹkan kan wà tí Liberia ṣe tó wù mí. Láti ọdún 2010 ni ìjọba wọn àti Carter Center ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera kéékèèké nípa ìtọ́jú ọpọlọ, torí pé oníṣègùn ọpọlọ kò wọ́pọ̀ rárá lórílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí Ebola dé, èèyàn tó lé ní 100 ti gba ẹ̀kọ́ yẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, náà gbé ìwé kékeré kan jáde lórí bí a ṣe ń ran ẹni tí ìdààmú Ebola bá lọ́wọ́. Kókó rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: wo èèyàn náà dáadáa, tẹ́tí sí i, kí o sì fà á lé ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Kò dìgbà téèyàn bá gboyè dókítà kó tó lè ṣe ìyẹn.

Ó kan ẹ̀yin náà nínú ilé. Tí ẹ bá ní ẹni tó ń bá yín tọ́jú ọmọ, tàbí ẹni tó ń sùn ti ìyá yín tó ti dàgbà, ọ̀gá iṣẹ́ ni yín. Ẹni tí ó ti rẹ̀ ló máa gbàgbé oògùn màmá, òun náà ló máa jágbe mọ́ ọmọ ọdún méjì. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún un, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Kó jẹ́ ẹ̀yin àti òun nìkan, kí ó jókòó. Ẹ má béèrè ohun tí "a dúpẹ́" lè dáhùn. Ẹ bi í pé: "Wákàtí mélòó lo sùn lánàá? Kí ló le jù fún ọ lọ́sẹ̀ yìí? Èwo ni ká yí padà?" Kí ẹ sì dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló máa ń nira fún wa jù, àdúrà ti máa ń wà lẹ́nu wa kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ní ibi iṣẹ́ ńlá, ẹni tó lè lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ ló yẹ kó béèrè, torí kò ní gbọ́ òótọ́. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù náà, mi ò kà á sí. WHO ní ìbéèrè márùn-ún kan tó ti wà láti ọdún 1998, tó dá lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: ṣé inú rẹ dùn, ṣé ọkàn rẹ balẹ̀, ṣé o lágbára, ṣé ara rẹ tù ọ́ nígbà tí o jí, ṣé nǹkan tí ò ń ṣe lójoojúmọ́ wù ọ́? Òdo sí márùn-ún ni máàkì ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Tí kò bá tó 50, ó yẹ kí onítọ̀hún rí dókítà. Kò túmọ̀ sí pé ó ti ní ìsoríkọ́, ó kàn fi hàn pé àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ yẹ.

Ẹ máa wo ìwà náà. Lọ́dún 2019, WHO ṣàlàyé pé wàhálà iṣẹ́ tí a kò bójú tó ń fi ara hàn lọ́nà mẹ́ta: okun á tán nínú èèyàn, ọkàn rẹ̀ á kúrò lára iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní dá múṣé bíi ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń pariwo mọ́ yín níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, mi ò ní kẹ́ ẹ fara mọ́ ọn. Àmọ́ mo máa ń rò ó pé ìgbà wo ni ẹnì kan bi òun náà léèrè kẹ́yìn.

Tí ẹ kò bá ní ṣe nǹkan kan sí ìdáhùn, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Òṣìṣẹ́ tó sọ fún yín pé iṣẹ́ òru mẹ́ta léraléra ń pa òun, tó sì tún rí orúkọ ara rẹ̀ nídìí iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà míì, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọpọlọ rárá. Owó ọkọ̀ ni, tàbí owó oṣù tí kò tíì wọlé. Ẹ san án. Ṣùgbọ́n tí ó bá ní ayé ti sú òun, tàbí pé ó sàn kí òun má jí mọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.