Ta Ló Bá Lọ́yà Kọ Ìwé Rẹ̀?

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin òǹkàwé, bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí bá bá ẹni tí ẹ mọ̀ wí. Èmi gan-an ló kọ́kọ́ bá wí. Ní ọdún 2023, lọ́jọ́ Sátidé kan, lọ́yà kan tí mo mọ̀ dáadáa yà sílé mi n'Íbàdàn pẹ̀lú fáìlì ńlá lábẹ́ abíyá. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ kálàmù lò. Ẹ gbà mí o."

Ọ̀ràn náà kò ju báyìí lọ. Ó ti ń ṣe másítà nínú iṣẹ́ òfin ní yunifásítì kan láti bí ọdún mẹ́rin. Ó ti ṣe ìdánwò, ó ti yege. Ohun tó kù ni ìwé àṣekágbá, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní tísíìsì, wọ́n sì ti kọ̀wé sí i pé àkókò rẹ̀ ń tán lọ. Kí n bá a kọ ọ́. Yóò fún mi ní ₦150,000. Ìdajì rẹ̀ ti wà nínú àpò ìwé tó gbé ka orí tábìlì.

Èmi tí n kò kọjá ìwé mẹ́wàá!

N kò ní purọ́ fún yín, mo gbà á. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi ń wò mí lójú, àwọn tí mo ń kọ̀wé fún nígbà náà sì jẹ wá lówó oṣù méjì. Kí n tilẹ̀ jẹ́wọ́ tán: inú mi dùn. Mo ní ẹ wá wò ó, àwọn oníwíìgì náà mọ ibi tí ọgbọ́n wà.

Bí a ṣe ń pín ogún Yorùbá tó kú láì kọ wíìlì ni ìwé náà dá lé lórí. Nínú àwọn fọtokọ́pì tó wà nínú fáìlì ni mo ti bá ẹjọ́ Dawodu àti Danmole pàdé. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Suberu Dawodu kú l'Ékòó ní 1940. Kò kọ wíìlì. Ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀. (Ẹ tún wo orúkọ náà, àrólé gan-an ni àwọn ará Èkó ń pè ní dáwódù.) Ìjà wá dé: ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín ogún náà ni, tàbí orí-ò-jorí? Nínú ìdí-igi, ìyá la ń kà, a kì í ka ọmọ. Ìyàwó tó bí ọ̀kan àti ìyàwó tó bí mẹ́wàá, ìpín kan náà ló kan àwọn ọmọ oníkálukú. Nínú orí-ò-jorí ẹ̀wẹ̀, ọmọ la ń kà, orí ọmọ kan kò sì ju ti èkejì lọ. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ nígbà náà dà á nù. Wọ́n gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 àwọn adájọ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi òǹtẹ̀ lù ú pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ń jà lórí bí wọn yóò ti pín in, olórí ẹbí láṣẹ láti ní kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín in.

Aago méjì òru ni mo ka ibẹ̀ yẹn dé. Ọwọ́ mi wálẹ̀.

Bàbá tèmi náà kú láì kọ wíìlì, ní 2009. Ìyàwó méjì ni wọ́n ní. Èmi nìkan ni ìyá mi bí, ìyàwó kejì bí márùn-ún. Ilé oníyàrá méjìlá ni wọ́n fi sílẹ̀. Lọ́yà tí a tọ̀ lọ, kì í ṣe onífáìlì yìí o, òmíràn ni, ó sọ fún wa láìmikàn pé òfin ní kí a ka orí. Àwa kò jà. Kò sẹ́ni tó bi olórí ẹbí ní nǹkan kan. A ka orí, yàrá méjì kàn mí. Bó bá ṣe ìdí-igi ni, mẹ́fà ni ì bá kàn mí. Kó yé yín o, n kò bá àwọn àbúrò mi du yàrá, a ṣì ń jẹun pọ̀ dòní. Bó bá jẹ́ pé wọ́n sọ òtítọ́ fún wa lọ́jọ́ náà, bóyá èmi fúnra mi ni ǹ bá ní kí a ka orí. Ṣùgbọ́n ǹ bá mọ̀ pé èmi ni mo fi yàrá mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ. Lọ́yà yẹn fi àìmọ̀kan gba ohun tó jẹ́ tèmi lọ́wọ́ mi, mo sì tún sanwó iṣẹ́ fún un.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fóònù onífáìlì mi. Mo ní, "Nínú ẹjọ́ Dawodu yìí, ta ló láṣẹ láti yan orí-ò-jorí?" Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà kọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú." Bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ogún méjì ló ń rò lọ́wọ́ nígbà náà! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi.

Mo mọ àwíjàre tí wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀. Ta ni iṣẹ́ kò pọ̀ fún? Ní Nàìjíríà, ẹni tó ti gboyè òfin, tó ti jáde ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin, tí wọ́n sì ti gbà sẹ́gbẹ́ lọ́yà, lè máa rojọ́ títí yóò fi hewú láì ní másítà kankan. Ìwọ lo lọ ra fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní ọ̀gá tó yẹ kó yẹ iṣẹ́ wò kì í kà á. Èyí, mo gbà fún wọn díẹ̀. Olùkọ́ tó gba orí kìn-ín-ní lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà ọyẹ́, tí kò dá a padà títí òjò fi dé, òun náà ń pe oníbàjẹ́ wọlé. Òun kan náà ni yóò sì tún fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́wàá kọ! Bó bá pe ọkùnrin náà jókòó, tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo bi í lórí fóònù, ṣé àṣírí kò tú?

Wọ́n tún ní eku ló ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí lórí pẹpẹ. Kí eku máa kà á lọ. Kì í ṣe orí pẹpẹ ni wọ́n ní kí ó kọ ọ́ sí, orí ara rẹ̀ ni.

Ní 2022 àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé ẹni tó bá ń gbowó kọ irú iṣẹ́ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní England ti di ọ̀daràn. Nígbà tí mo gbọ́, mo pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yìn náà ni mo rí i pé ẹni tó tà ni òfin náà mú, kò mú ẹni tó rà. Ká ní England la wà, èmi ni wọn ì bá gbé lọ sílé-ẹjọ́, bóyá òun ni yóò sì wá gbèjà mi!

Nísinsìnyí tí ẹ̀rọ ń kọ̀wé, àwọn kan kò tilẹ̀ ní wá ẹni bí èmi mọ́. Ní ọdún 2023 kan náà, lọ́yà méjì ní New York gbé ẹjọ́ mẹ́fà tí kò sí rí láyé lọ síwájú adájọ́. ChatGPT ló bá wọn hùmọ̀ wọn, wọn kò sì ṣí ìwé wò. Adájọ́ bu 5,000 dọ́là lé àwọn àti ilé-iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ti wá ẹjọ́ kan rí fúnra rẹ̀, tó ti ṣí ìwé títí ojú fi ń ta á, báwo ni yóò ṣe gbé irú ìyẹn lọ síwájú adájọ́?

Mo dá owó rẹ̀ padà. Mo ti ná nínú rẹ̀, nítorí náà oṣù méjì ni mo fi san án tán. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti di wòlíì. Ó gbé fáìlì rẹ̀ lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì séńtà kan lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, kò sì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ìwé fi jáde, ó nípọn, wọ́n fi awọ dúdú dì í, wọ́n kọ wúrà sí i lẹ́yìn. Ó ti gboyè. LL.M. ti wà lára pátákó iwájú ṣáńbà rẹ̀ báyìí, lẹ́tà ńlá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan ládùúgbò wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ wọn kú láì kọ wíìlì, orogún méjì ni wọ́n ní, ọmọ wọn ò ju méjì lọ. Wọ́n ní, "Bàbá Títí, lọ́yà tí ìwé rẹ̀ gùn lára pátákó yẹn, ṣé ó dáa?" Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń jẹ́ ìdí-igi, kí wọ́n tó ka owó sí i lọ́wọ́. Wọ́n ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àwọn máa lọ.