Òfin Tó Bá Dúró sí Ibodè Kò Lè Dáàbò Bo Ọkàn Wa

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní trans la mú wá lónìí.

Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ kí òróró dì bíi bọ́tà, kó sì pẹ́ kó tó bàjẹ́, wọ́n lè fẹ́ háídírójìn sí i. Bí wọn kò bá fẹ́ ẹ dé òpin, apá kan ọ̀rá náà á yí padà. Kábọ́ọ̀nù 18 tó wà nínú rẹ̀ kò dín, kò sì lé, àmọ́ èyí tó tẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá nà gbọọrọ. Irú ọ̀rá yìí ń mú kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù burúkú pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dín èyí tó dára kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń pa èèyàn tó lé ní 278,000 lọ́dọọdún.

Ojú kò lè dá a mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n kò lè tọ́ ọ wò. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é: wọ́n á sọ ọ̀rá di oru gbígbóná, á gba inú ọ̀pá tín-ín-rín tó lè gùn tó 100 mítà kọjá. Èyí tó tẹ̀ àti èyí tó nà kì í jáde lásìkò kan náà. Ìyá tó ń ra bọ́tà tí wọ́n ń wọ̀n tà lọ́jà kò ní irú ẹ̀rọ yìí. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbà pé kí oníkálukú kàn máa ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni.

Denmark ti ṣe òfin lórí rẹ̀ láti 2003. Ní Nàìjíríà, òfin NAFDAC ti 2022 sọ pé kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá. Ó dára. Àmọ́ ọjà ń kọjá ibodè lójoojúmọ́. Ohun tí wọn ò gbà níbì kan lè wá tà níbòmíràn. A fẹ́ kí Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Nàìjíríà lo ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n máa yẹ ọjà wa wò, kí wọ́n sì fi èdè wa ka èsì rẹ̀ lórí rédíò.

Kó tó dìgbà náà, bí ẹ bá rí «huile partiellement hydrogénée» lára páálí, ẹ fi í sílẹ̀. Òróró ẹ̀pà tí àwọn ìyá wa ń fún kò gba háídírójìn kankan.