Ẹ Jẹ́ Ká Ka Ohun Tí Ẹ̀rọ Kọ Ká Tó Náwó



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ: èyí tó ń rọ omi sínú ọ̀rá, èyí tó ń di gàrí, èyí tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Lára irú ẹ̀rọ báyìí, a sábà máa ń rí àpótí kékeré kan tó ń darí mọ́tò: òun ló ń sọ ìgbà tí mọ́tò máa yí, bó ṣe máa yára tó, àti ibi tó gbọ́dọ̀ dúró. Drive ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Bí nǹkan ò bá lọ déédéé, á dá iṣẹ́ dúró, á sì kọ àmì sójú ara rẹ̀.

Kí là ń ṣe bá a bá rí àmì yìí? A ó pa iná, a ó tún tàn án. Bó bá tún yọjú, a ó ní drive ti kú, ká lọ ra òmíràn. Èyí ò dáa. Bí ọmọ bá ń ké, ṣé ẹnu là ń dì fún un ni, àbí à ń wá ibi tó ń dùn ún?

Ẹ wo MICROMASTER 440 tí Siemens ti ilẹ̀ Jámánì ṣe. F0001 ni pé iná tó ń lọ sínú mọ́tò pọ̀ jù: wáyà lè ti kan ara wọn, tàbí kí nǹkan há mọ́ ẹ̀rọ. F0003 ni pé iná tó ń wọlé kò tó. Bí iná bá ń wálẹ̀ ládùúgbò yín, drive tuntun ò lè wò ó sàn. F0004 ni pé àpótí ti gbóná jù. Ẹ wo fáànù àti eruku ná. F0002 ni pé iná inú àpótí ga jù, kì í sì í ṣe láti ìta nìkan ló ti ń wá. Mọ́tò tó ń sáré, tí wọ́n ní kó dúró lójijì, á di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà. Nígbà míì, kí wọ́n kàn fún un láàyè díẹ̀ sí i láti dúró ti tó.

Ṣùgbọ́n àmì ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣe ti èkejì. Lórí MR-J3 ti Mitsubishi ilẹ̀ Jàpáánì, 10 ni iná tí kò tó, 52 sì ni pé mọ́tò kò dé ibi tí wọ́n rán an. Ìdí nìyí tí ìwé ẹ̀rọ fi ṣe pàtàkì.

Àbá wa rèé. Ẹni tó bá fi ẹ̀yáwó ra ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ tòkunbọ̀, kó gba ìwé rẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, kó kọ àmì, aago, àti ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́ sílẹ̀ kó tó pa iná. Kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó má sì fọwọ́ sí owó drive tuntun láìrí àkọsílẹ̀ náà.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ tàwọn ni, kí ló kan ẹgbẹ́? Ó kàn wá o. Ẹ̀rọ lè dúró, gbèsè kì í dúró, onígbọ̀wọ́ ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ wá kàn. A ò sọ pé drive kì í bàjẹ́. Ohun tá a sọ ni pé ká rí ẹ̀rí ká tó sanwó.

Ìkìlọ̀ kan kù: ẹ má ṣe tú àpótí náà fúnra yín. Bí ẹ bá tilẹ̀ pa iná, iná ṣì wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì lè pani. Ẹ ka àmì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé àbá yìí yẹ̀ wò nípàdé tó ń bọ̀. Ire o.