Ẹ̀sùn Mẹ́rin Tí A Fi Kan Ìjọba Àpapọ̀

Ẹ̀yin ará Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ẹ̀yin lẹ máa dá ẹjọ́ yìí. Ilẹ̀ yín ni àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà ti dìde ní 1968 pé owó orí ti wọ àwọn lọ́rùn jù. Ẹ mọ ẹ̀tọ́ ẹni tó ní kí wọ́n má rẹ́ òun jẹ.

Ẹ̀sùn kìíní: ó fi orúkọ apániláyà pe ọmọ tó fẹ̀hónú hàn. Ní Oṣù Kẹwàá 2020, orí Twitter làwọn ọ̀dọ́ ti pe ara wọn jáde tako ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS, láti Èkó dé Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ìbọn ti pa ọ̀dọ́ kan. Lóṣù tó tẹ̀lé e, Báńkì Àpapọ̀ nìkan ló rojọ́ nílé-ẹjọ́ l'Ábùjá, ó sì gba àṣẹ láti ti àkáǹtì àwọn 20 tí wọ́n kà mọ́ ìfẹ̀hónúhàn náà pa, pé ó ṣeé ṣe kí owó wọn jẹ́ ti apániláyà. Ní Oṣù Kejì 2021, ilé-ẹjọ́ tú àkáǹtì náà sílẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ̀sùn kejì: ó ti ẹnu gbogbo ìlú pa. Twitter pa ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Bùhárí kọ rẹ́. Lẹ́yìn èyí, ní Oṣù Kẹfà 2021, ìjọba ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù dí Twitter, ó sì dí títí di 13 Oṣù Kìíní 2022. Mínísítà ètò ìdájọ́ ní ẹni tó bá lò ó yóò fojú ba ilé-ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ ní Oṣù Keje 2022 pé ìgbésẹ̀ náà kò bófin mu. Ẹni tó ń fi òfin dẹ́rù bani ni arúfin.

Ẹ̀sùn kẹta: ó fìyà jẹ aláìṣẹ̀. Ní Oṣù Kẹrin 2022, nọ́ńbà fóònù tó ju mílíọ̀nù 72 lọ ni ìjọba kò jẹ́ kó pe èèyàn mọ́, torí pé wọn ò tíì so ó mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Àgbẹ̀ tí èyí bá ní abúlé lẹ́yìn Akánrán kò rí alájàpá pè, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í pẹ́ bàjẹ́. Ó ní láti pa oko tì, wọ ọkọ̀ lọ sígboro, kó lọ tò sórí ìlà. Ètò ààbò ni wọ́n pè é. Ajínigbé ṣì ń fi fóònù bèèrè owó ìtúsílẹ̀. Ìyà ọ̀daràn, àgbẹ̀ ló jẹ ẹ́.

Ẹ̀sùn kẹrin: ohun tó fi túláàsì gbà, kò lè ṣọ́ ọ. Oṣù Kẹfà 2023 ni Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu òfin ààbò dátà. Lọ́dún kejì, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative fi ₦100 ra ìwé NIN mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àjọ NIMC tó ń tọ́jú NIN ní àkójọ òun kò jò. Bí ti mínísítà bá di ọjà ₦100, ta ni yóò ṣọ́ ti ìyá tó ń ta gàrí ní Mọníyà? Ó gbà á lọ́wọ́ wa tipátipá, ó sì jẹ́ kó di ọjà.

Owó, ẹnu, fóònù, orúkọ: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fọwọ́ kàn, kò bi wá lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kẹ́ ẹ dá a lẹ́bi. Kí ó fa ẹni tó ta dátà wa lé ilé-ẹjọ́ lọ́wọ́. Kí ó má sì tún ti àkáǹtì tàbí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni pa láìjẹ́ pé onítọ̀hún ti rojọ́ tirẹ̀ níwájú adájọ́.