Ààyè Giramafóònù Nínú Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹ̀rọ giramafóònù mu púpọ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa, àwọn àwo orin tí bàbá tàbí bàbá àgbà rà sílẹ̀ ṣì wà títí di òní: ti Haruna Ishola, ti I. K. Dairo, àti ti àwọn olórin mìíràn. Láti ọdún 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohùn àwọn tí ó ti kú ni ó wà nínú irú àwo bẹ́ẹ̀. Bí àwo bá sì ti họ, kò sí ẹni tí yóò pe òkú padà wá tún orin kọ. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀ràn kékeré bí a bá bèèrè pé, níbo ni ó yẹ kí a gbé ẹ̀rọ náà sí? Èrò tèmi ni pé, bí ògiri ilé bá le dáadáa, orí pẹpẹ tí a kàn mọ́ ògiri ni ó yẹ ẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Ojú kan àwo orin kò ní ju ọ̀nà kan ṣoṣo lọ, tí ó pòòyì láti etí àwo dé àárín bí ìkarahun ìgbín. Ọ̀nà yìí tẹ́ẹ́rẹ́ bí fọ́nrán irun orí. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń tọ̀ ọ́ bí àwo ti ń yí, ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan fún àwo ńlá, tàbí ìgbà 45 fún àwo kékeré. Ohunkóhun tí ó bá mi abẹ́rẹ́ náà, bí ó ti wù kí ó kéré tó, yóò di ariwo nínú orin. Bí ènìyàn bá ń jó nínú yàrá òkè tí a fi pákó tẹ́, tábìlì yóò mì, ẹ̀rọ yóò mì, abẹ́rẹ́ yóò fò, yóò sì ha àwo. Ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù tí ó dúró gírígírí kì í bá oníjó jó.

Ìdí kejì ni àwọn ọmọdé. Ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta a máa tó orí tábìlì. Bí ó bá fa wáyà, ẹ̀rọ lè wó lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ mìíràn wúwo ju kílò 10 lọ.

Àwọn kan yóò wí pé ohun tí ó ti òkè já a máa burú ju ohun tí ó ti orí tábìlì já lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, tí tábìlì rẹ̀ wúwo, tí kò sì sí ọmọ kékeré níbẹ̀, kò ní ìdí láti yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tí ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tàbí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí ògiri tí òjò ń wọ̀, kí ó má tilẹ̀ dán an wò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Èyí tí ó bá sì ti lanu kò yẹ ní gbígbé ẹrù lé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é, kí ó pe káfíńtà tí ó mọṣẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ibi tí wáyà iná mànàmáná gbà. Kí wọ́n má ṣe lu ihò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ ibi tí a ti ń tan iná, nítorí ibẹ̀ ni wáyà sábà máa ń gbà nínú ògiri. Ìṣó lásán kò tó. Sukúrúù gígùn ni kí wọ́n lò, pẹ̀lú ike kékeré tí a ń tì bọ ihò kí sukúrúù lè rí nǹkan dì mú. Kí ó wọ inú búlọ́ọ̀kù gan-an, kì í ṣe inú sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ara ògiri nìkan. Ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀kù ni inú rẹ̀ ṣófo. Bí sukúrúù bá bọ́ sí ibi òfìfo, kí wọ́n wá ibòmíràn lù. Kí pẹpẹ tẹ́jú pẹrẹsẹ, nítorí abẹ́rẹ́ kì í tọ ọ̀nà rẹ̀ dáadáa lórí ohun tí ó dagun. Kí ó ga dé àyà àgbàlagbà, kí wáyà má sì ṣe rọ̀ sílẹ̀. Kí a má gbé àpótí gbohùngbohùn sí orí pẹpẹ kan náà, nítorí ìró rẹ̀ yóò máa mi abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí a kó ìwé tí ó wúwo tó ẹ̀rọ náà lọ́nà méjì lé pẹpẹ, kí ó sùn níbẹ̀ mọ́jú. Bí pẹpẹ kò bá yẹ̀, kí a tó gbé ẹ̀rọ lé e.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa náwó rẹpẹtẹ lórí ẹ̀rọ, wọn a sì máa ṣahun lórí owó káfíńtà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Àbámọ̀ ni í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Owó tí a fi kan pẹpẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ, kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn àwọn baba wa.